Ògiri Tí Àwọ̀ Kò Kàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú ọ̀mọ̀wé ka ohun tí mo kọ yìí. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wa níbẹ̀. Yorùbá inú ìwé, kíláàsì àgbà tí ìjọ wa ń ṣe lẹ́yìn Máàsì ni mo ti kọ́ ọ, kò sì tíì mọ́ mi lọ́wọ́ tán. Èdè tí à ń sọ nílé, lórí àwọn òkè Ìdáàṣà, bá a tan, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ bá bá ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an kò rú mi lójú.

Ilé àlejò àwọn obìnrin ìsìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní màsẹ́ẹ̀. Kò jìnnà sí ihò àpáta Arigbo. Mò ń se oúnjẹ, mò ń fọ aṣọ ibùsùn. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn èrò bá wá gbàdúrà sí Ìyá Olúwa ní Arigbo, ẹní a máa kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé à ń wá ibi tí a ó fi ẹsẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ ilé náà a dákẹ́, a sì lè gbọ́ bí ewé gbígbẹ ṣe ń rìn lórí páànù. Ìgbà náà ni Tọ́ńtọ̀n dé.

Tọ́ńtọ̀n ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe ọkùnrin tó bá ju ni lọ níbí. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn màsẹ́ẹ̀ wa ni, ará Filipín, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà níbi tí oòrùn ti ń yọ, òkun ló yí i ká. Àbúrò rẹ̀ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó gbọ́ èdè wa débi pé ó lè bá àwọn tó ń ta ata ṣàwàdà. Tọ́ńtọ̀n fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀kankan. Faransé èbúté ni ó gbọ́, èyí tó ṣa jọ nígbà tó ń bá ọkọ̀ òkun rìn. Èmi náà, Faransé kíláàsì kẹrin ni mo ní. Nítorí náà a kò bo ara wa mọ́lẹ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ ń rìn kiri, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo pé, "Sìnúwà! Sìnúwà!" nítorí àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n rí níbi iṣẹ́ ọ̀nà ni wọ́n fi ojú rẹ̀ wé. Á dúró, á yí padà, á lu àyà rẹ̀ bí ẹni tó ń kéde, á ní, "Filipínò!" Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà fún un. "Filipínò, ẹ kú òwúrọ̀ o!" ni wọ́n wá ń kí i, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì lójú títì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń ya àwòrán ilẹ̀: òkè, odò, oko, ojú ọ̀run. Ọ̀dà olómi ni ó ń lò, lórí bébà tó nípọn. Màsẹ́ẹ̀ sọ fún mi pé ní ìlú wọn, àwọn ènìyàn ńlá ló ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán sì ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Níwájú rẹ̀ ló ti sọ ọ́, a jọ wà nídìí máńgòrò tútù tí ó ń fi iyọ̀ jẹ. Mo dúró kí ó sọ pé rárá, kí ó dorí kodò, bí àwa ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá yìn wá. Ó gbé ojú sókè. "Òótọ́ ni," ó ní. "Mo mọ iṣẹ́ mi." Ó sì mú máńgòrò mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi fún ìgbà pípẹ́. Èmi tí mò ń fèsì ìkíni pẹ̀lú ojú nílẹ̀, tí ìyá mi ń sọ pé bí iná bá ń jó mi, n ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀ kí ó má sì jẹ́ ìgbéraga. Kò gbéraga. Bí ẹni tó sọ pé iṣu yìí jinná ni ó ṣe sọ ọ́.

Òun ló ní kí àbúrò òun bá òun wá ẹni tí yóò máa gbé omi tẹ̀ lé òun gun òkè. Omi ọ̀tọ̀ ni ó fi ń fọ búrọ́ọ̀sì, ọ̀tọ̀ ni èyí tí kò gbọ́dọ̀ dọ̀tí rárá, lórí àpáta wa lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹyẹ pàápàá ń wá omi. Èmi ni màsẹ́ẹ̀ pè. Ó ní, "Ìwọ kì í sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló fẹ́." Mo gbé bídọ̀n omi lérí, mo tẹ̀ lé e.

Ibi tí a ti ń dúró kí bébà gbẹ ni ó ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa ya òdòdó àti àwọn ẹni mímọ́ sí ara ọkọ̀ èrò ní ìlú wọn, òun ló sì ń fọ búrọ́ọ̀sì fún bàbá náà. Nígbà tó dàgbà ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọn ti ń rí oúnjẹ. Kí ó ha ìpáàrà kúrò lára irin, kí ó sì kun irin náà lọ́dà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí iṣẹ́ bá tán, ó fẹ́ yàwòrán, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá tóóró kan náà ní òórùn ọ̀dà olóróró ń fún àwọn lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bọ́ sí ọ̀dà olómi. Kò ní òórùn, gbogbo rẹ̀ sì gba inú àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí ènìyàn lè tì bọ àpò.

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, bí wọ́n bá ń já ẹrù, á jókòó sí etí ọkọ̀, á máa ya òkè tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Ó gbọ́dọ̀ parí kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. "Fèrè ọkọ̀ ni tíṣà mi," ó ní. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi yá tó bẹ́ẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn tó fi òkun sílẹ̀ ni ó tó lọ sí ilé-ìwé àwọn ayàwòrán. Ewú ti ń yọ lórí rẹ̀ nígbà náà, ó sì jókòó láàárín àwọn tó lè bí. Ó ní wọ́n ń pè é ní Bàbá Àgbà ní kíláàsì, òun náà sì ń dá wọn lóhùn.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣe é. Á kọ́kọ́ fi omi lásán tẹ́ bébà náà rin, á gbé e dagun sí ìmọ́lẹ̀, á sì máa wò ó. Mo rò pé ó ń gbàdúrà ni. Dídán omi náà ni ó ń wò. Bó bá ṣì ń dán bí ojú ẹja, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí dídán náà bá rọ̀, tó dà bí ara igbá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ìgbà yẹn ni yóò fi àwọ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ náà á sì tàn lọ fúnra rẹ̀ bí èéfín. Ojú ọ̀run ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí, lẹ́yìn náà òkè tó jìnnà, lẹ́yìn náà èyí tó sún mọ́. Fífẹ́lẹ́ ló ń ṣáájú, dúdú ló ń kẹ́yìn. Ohun tó bá ti bọ́ sílẹ̀, kì í pa á rẹ́.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọyẹ́ wa nà án. Kí ó tó tẹ́ bébà rin tán, apá kan ti gbẹ, àwọ̀ a dúró gbagidi níbi tó yẹ kó ṣàn gbà, ilà a sì hàn níbẹ̀ bí ojú àpá. Ó fa bébà ya, ó tún fa òmíràn ya. Mo sún sẹ́yìn, mo rò pé inú ń bí i. Àṣé ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ní ìlú òun, òjò ni òun ń bá jà, bébà kì í gbẹ, ó lè hu ewú kó tó gbẹ. Nísinsìnyí tí òun ti darúgbó, òkè ẹni ẹlẹ́ni tún ń kọ́ òun níṣẹ́. Ó wá ń ri aṣọ ìnura sínú omi, ó ń tẹ́ ẹ sábẹ́ bébà, a sì ń jáde kí oòrùn tó mú. Kò pẹ́ tí ó fi ṣẹ́gun rẹ̀.

Kùrukùru ọyẹ́ tí àwa ń fi ikọ́ ṣépè fún, òun fẹ́ràn rẹ̀ bí oyin. Ó lè fi àwọ̀ kan ṣoṣo ya òkè tó wà níwájú wa, àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti èyí tó ń pòórá lọ lọ́nà ìlú Tré, omi nìkan ni ó ń fi kún un. Ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ kì í ju hóró ìrẹsì lọ, síbẹ̀ ẹ ó mọ̀ pé obìnrin ni, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹrù tó gbé wúwo.

Nígbà tí mò ń fọ àpótí irin rẹ̀, mo wá ọ̀dà funfun títí, n kò rí i. Mo bi í pé, "Tọ́ńtọ̀n, funfun yín dà?" Ó yọ ètè sí bébà: ibi tó bá fẹ́ kó funfun, kì í fi àwọ̀ kàn án.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ètè yìí. Àwọn ará Filipín kì í fi ìka tọ́ka sí nǹkan, ètè ni wọ́n fi ń tọ́ka. Wọ́n á ṣù ú síwájú, wọ́n á gbé ìpéǹpéjú sókè. Ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un dé ilé wa ní abúlé Kèrè, ó rí ewúrẹ́ ìyá mi tó dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fẹ́ mọ ẹni tó ni ín, ó sì yọ ètè sí ibẹ̀. Ìyá mi ló wà níbẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún Filipínò yìí," ìyá mi ní, "tó fi ń yọ ṣùtì sí mi nínú ilé ọkọ mi?"

"Màmá, ewúrẹ́ ló ń béèrè."

"Ewúrẹ́ ló fi ẹnu béèrè báyẹn? Ṣé ó fẹ́ jẹ ẹ́ láàyè ni?"

Kò gbà mí gbọ́ àfi ìgbà tí ó rí i tí màsẹ́ẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú èlùbọ́, á yọ ètè sí ọmọrí odó, á ní, "Gbé ohun tí Filipínò ń wò yẹn wá fún mi." Gbogbo ilé á sì máa rẹ́rìn-ín.

Bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, ni olórí agbo ilé wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Tọ́ńtọ̀n mú ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn lọ́dọ̀ wọn. Bàbá kékeré wo ọwọ́ náà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fún un. "Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé rèé," ó ní. "Bí ojú ẹni yìí bá rí nǹkan, ó rí i nìyẹn."

Nísinsìnyí mo dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Òun ni àkọ́bí ìyá mi. Ó lọ sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ oko. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ń pè wá. Lẹ́yìn náà fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ lọ padà wálé, wọ́n ní ó kúrò lọ́dọ̀ àwọn, ó ní òun ń lọ síbi tí iṣẹ́ ti dára jù. Wọn kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ìrẹ́lé méjì ti kọjá lórí wa láìgbúròó rẹ̀.

Ìrẹ́lé ni a fi ń ka ọdún nínú agbo ilé wa. Bí iṣu bá ti wọlé tán, tí ọyẹ́ bá mú, àwọn obìnrin á wa ilẹ̀ pupa, wọ́n á fi omi èèpo irúgbá pò ó, wọ́n á sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ gbogbo ògiri láti òkè délẹ̀, kí òjò tó ń bọ̀ má bàa jẹ ẹ́. Yàrá kan ni a kì í rẹ́: yàrá ẹni tó bá ti kú. Láàárín àwọn ògiri tó ń dán, tirẹ̀ á wà ní gbígbẹ, ní lílà pẹẹrẹpẹ, ẹni tó bá ń kọjá á rí i, á bọ́ fìlà, kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún bàbá mi.

Bàbá kékeré kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rí i pé ìyá mi kò jẹun dáadáa, pé gbogbo alùpùpù tó bá dúró lójú títì ló ń sáré jáde wò. Ó ní kí a fi ògiri yàrá ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lọ́dún yìí, kí a sun ẹkún náà lẹ́ẹ̀kan, kí ara lè tu ìyá mi. Ìyá mi kọ̀. "Ta ló rí òkú rẹ̀?" ó ní. "Ẹni tó bá rí òkú rẹ̀, kó wá fi ògiri sílẹ̀." Lẹ́ẹ̀mejèèjì tó kọjá, òun nìkan ló rẹ́ ẹ, kò jẹ́ kí àwọn obìnrin yòókù bá a dá sí i, nítorí ó mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí mo rí i pé agbára náà ń tán nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀la kí ìrẹ́lé bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Tọ́ńtọ̀n wá ya agbo ilé wa. Ó jókòó sí òdìkejì ọ̀nà ní àárọ̀ kùtù. Àpáta ńlá wà lẹ́yìn ilé wa, òjìji rẹ̀ sì bo gbogbo yàrá, àfi ti ẹ̀gbọ́n mi tó yọ síwájú, tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí oòrùn yọ, ògiri yẹn nìkan ló gbà á. Tọ́ńtọ̀n mí kanlẹ̀. Ó ya, kò sinmi, kò mu omi, ó ń kọrin sí ìmú. N kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti rí ohun tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo ti bá a gun òkè títí, ojú mi ti di ojú rẹ̀. Àwòrán tó dára ni mo rí.

Ó pe gbogbo ilé kí wọ́n wá wò ó, bí ó ṣe máa ń ṣe. Bàbá kékeré ló gbà á.

"Ẹ wò ó, àpáta wa nìyí! Ọgbẹ́ tí àrá dá sí i lára pàápàá wà níbẹ̀."

"Ewúrẹ́ mi ńkọ́?" ìyá mi béèrè. Ó ń po ilẹ̀ lọ́wọ́, pupa ti dé e ní ìgbúnwọ́.

"Ó ní ewúrẹ́ yín kò fara balẹ̀," mo ní.

"Ó jọ ọ́," ni ó wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ìka Bàbá kékeré dúró lórí bébà.

"Yàrá ta nìyí?"

Gbogbo ògiri ló ní àwọ̀ lára, pupa, ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ òjìji. Ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni bébà lásán.

"Ṣé ọ̀dà rẹ̀ tán ni?" ìyá mi béèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

Tọ́ńtọ̀n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí ibi tí ojú gbogbo wọn wà, ó sì rò pé ibẹ̀ ló dùn mọ́ wọn jù, nítorí ibẹ̀ ló dùn mọ́ òun náà jù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé ìpéǹpéjú sókè, ó sì yọ ètè sí ògiri náà gan-an.

Ìyá mi kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ètè yẹn fún un mọ́.

"Ìyàwó wa," Bàbá kékeré wí jẹ́jẹ́, "ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Kò mọ àṣà wa. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló yà."

Ìyá mi fọ ilẹ̀ kúrò ní apá rẹ̀, apá kan, lẹ́yìn náà apá kejì. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ fi ògiri náà sílẹ̀." Ó wọlé.

Tọ́ńtọ̀n yíjú sí mi. "Wọn kò fẹ́ràn rẹ̀?" Mo kó àpótí irin rẹ̀ jọ, mo gbé bídọ̀n lérí, iwájú ni mo ń rìn títí a fi dé ilé àlejò.

Màsẹ́ẹ̀ ni mo rò ó fún, ó sì fi èdè wọn rò ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó. Ó tẹjú mọ́ àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bu omi wá. Ó po àwọ̀ kan, pupa ilẹ̀ wa gan-an, ó fi búrọ́ọ̀sì mu ún títí ó fi fẹ́ máa kán, ó sì gbé e dúró lókè ògiri funfun náà. Ó ń sọ̀rọ̀, àbúrò rẹ̀ ń túmọ̀.

"Láti àárọ̀ ni ọwọ́ mi ti ń yẹ ibí yìí sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe sọ àpáta di dúdú. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fi òjìji bo àwọn yòókù. Omi fẹ́ wọ ibẹ̀, mo ń fi aṣọ dá a padà. Oòrùn ló wà níbẹ̀, n kò sì ní ọ̀dà tó lè ya oòrùn. Bí mo bá kùn ún, kò sí bí mo ṣe lè mú un padà. Ṣùgbọ́n bébà ni. Bí ìyá rẹ bá fẹ́ kí n kùn ún, màá kùn ún báyìí. Sọ̀rọ̀."

Màsẹ́ẹ̀ fi ohùn tirẹ̀ kún un pé, "Ó ní èyí ló dára jù nínú gbogbo ohun tí òun yà láti ìgbà tí òun ti dé."

Mo mọ̀ pé yóò ṣe é lóòótọ́. Mo gbé ojú sókè, mo wò ó lójú, n kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ má kùn ún, Tọ́ńtọ̀n," mo ní. "Ẹ yá mi gbé e dé ilé." Ó fọ búrọ́ọ̀sì. Ó gbé e fún mi láìbéèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo dé Kèrè. Bàbá kékeré wà lórí àga rẹ̀ níta, ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà tí kò ní ohunkóhun nínú láti ṣà. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

Bàbá kékeré wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni tó ń wá ẹlòmíràn. "Ta ló sọ ìyẹn?" ó ní. "Ọmọ tí a ń bi bóyá ahọ́n rẹ̀ ti lọ sọ́jà?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó dáa. Sọ ọ́, kí ó tó tún lọ."

N kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi. Mo ti já ewé kan kúrò lára kàléńdà ìjọ tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, mo tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Mo ti ìka bọ omi, mo fi tẹ́ ẹ rin káàkiri, mo sì yẹ ibì kan sílẹ̀ láàárín, tó tóbi tó ẹyọ owó. Mo ta ilẹ̀ pupa díẹ̀ sínú omi náà. Ó tàn. Ó ṣàn dé gbogbo ibi tó tutù, ó sì dúró ní etí ibi gbígbẹ yẹn.

"Ẹ wò ó," mo ní. "Bí ènìyàn bá gbàgbé ibì kan, omi kì í gbàgbé, á wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ibi tó bá wà ní gbígbẹ láàárín omi, ẹnì kan ló ń ṣọ́ ọ. Tọ́ńtọ̀n kò fi ògiri yẹn sílẹ̀ o. Láti àárọ̀ títí tí ó fi parí, ó ń ṣọ́ ọ ni. Oòrùn ló wà lára rẹ̀, kò sì fẹ́ kí nǹkan kan bò ó."

"Mú un wá kí n ṣe é," ni Bàbá kékeré wí. Ó yí ewé náà padà síbi tí kò tíì rin, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi, ó sì tẹ́ ẹ. Ó fẹ́ yẹ ibì kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti wọ ibẹ̀ kí ó tó gbọ́wọ́ kúrò, ilẹ̀ pupa sì tẹ̀ lé e. Ó tún un ṣe. Ó tún rì.

Ìyá mi ń wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín lójijì. "Bàbá, ẹ ti gbé e sí odò."

"Ọwọ́ ọkọ́ nìyí," ni Bàbá kékeré wí. "Kì í ṣe ọwọ́ Filipínò." Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwòrán Tọ́ńtọ̀n sún mọ́ ojú, ó ń wo etí ògiri náà, bó ṣe mọ́ tónítóní. "Ó ṣọ́ ọ lóòótọ́," ó ní. Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Ọmọ, oòrùn ara ògiri kò sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n rẹ wà láàyè."

"Rárá, Bàbá. Kò sì sọ pé ó kú."

Ìyá mi dẹ́kun ẹ̀wà ṣíṣà. Ohùn mi dúró ṣinṣin. Mo gbọ́ ọ, ó dúró.

Bàbá kékeré gbé àwòrán náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. "Ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀, n kò kó o jẹ," ó ní. "Ó ń rẹ ìyàwó wa, mo sì ń rí i. Ṣùgbọ́n n kò ní fi àwòrán dè yín. Ẹni tó bá rí okun láti rẹ́ ògiri náà lọ́la, kó rẹ́ ẹ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rí okun, kó wà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀."

Ó wo ìyá mi. Èmi náà wò ó. Ìyá mi ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ẹsẹ̀, ó ń wo inú wọn. Òun nìkan ló ti ń rẹ́ ògiri náà títí di báyìí. Nígbà tó yá, ó gbé àwòrán náà fún mi. "Dá a padà fún un," ó ní. "Bá mi kí i. Ní àárọ̀, n kò kí i."

Àwòrán náà ti wà ní Filipín báyìí. Màsẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n òun gbé e kọ́ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tà á fún ẹni tó ń béèrè. Ní ti ẹ̀gbọ́n tèmi, títí di òní tí mò ń kọ èyí, a kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín pé mo mọ ibi tó wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìrẹ́lé bẹ̀rẹ̀, kí àwọn obìnrin ilé tó jí, mo dìde. Mo bu ilẹ̀ tí wọ́n ti pò sínú ọpọ́n, mo gbé àpótí ìjókòó sí iwájú yàrá ẹ̀gbọ́n mi, mo gun orí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi omi rin ògiri náà, mo dúró kí ó mu ún. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ òrùlé, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ bọ̀ nísàlẹ̀, n kò kánjú, n kò sì dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ìyá mi ṣí. N kò wẹ̀yìn, kò sì pè mí. Nígbà tí mo rẹ́ ẹ délẹ̀ tán, mo fọ ọwọ́ mi, mo sì lọ síbi iṣẹ́.